Bloxorz: búlọ́ọ̀kù tó ń takìtì yìí ti dá mi lágara, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Télọ̀ Òkè-Fìà · Àìkú, 4:12 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Ọ̀ṣogbo. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ iná àti ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ la sábà máa ń sọ níbí, àmọ́ ẹ bá mi dá sí èyí, ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá lo họlidé lọ́dọ̀ mi láti Ìkìrun, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Òun ló ṣí géèmù kan fún mi lórí lápútọ́ọ̀pù tí mo fi ń wo sítáì. Bloxorz lorúkọ rẹ̀. Géèmù àtijọ́ ni, Damien Clarke ló ṣe é, ọdún 2007 ló jáde. Kò gùn, ìpele 33 péré ni. Mo ní kí n wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí iná tó dé. Iná dé, mi ò mọ̀.

Ibi tó ti le nìyí. Búlọ́ọ̀kù kan ni wọ́n gbé fún ọ, gígùn rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀. Tó bá nàró, táìlì kan ló gbà. Tó bá sùn, ó gba méjì. Kì í rìn, kì í fò, ńṣe ló ń takìtì. Ó nàró, o tẹ ọ̀tún, ó ṣubú gbalaja. O tún tẹ ọ̀tún, ó dìde. Orí pèpéle kan tó dá dúró lójú òfuurufú ló wà. Tí apá kan rẹ̀ bá ti yọ síbi tí kò sí táìlì, ó já bọ́ nìyẹn, o ó sì bẹ̀rẹ̀ ìpele yẹn látìbẹ̀rẹ̀. Ihò onígun mẹ́rin kan wà níparí, inú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wọ̀, ìnàró ló sì gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́.

Èmi á dé ibi ihò, búlọ́ọ̀kù á sùn lé e lórí bí pákó tí wọ́n fi bo kànga. Mo yí i padà, ó sùn sí òdìkejì. Àwọn ìpele tí mo ti kọjá, mi ò lè sọ ohun tí mo ṣe tí mo fi kọjá wọn, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má kọ ìdáhùn ìpele kankan ránṣẹ́ sí mi. Bí ẹ ṣe ń rò ó ni mo fẹ́ mọ̀.

Ọmọ Rélùwéè · 4:30

Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ìdáhùn rẹ̀ wà lórí YouTube. Ẹ wò ó, ẹ tẹ ohun tí wọ́n bá tẹ̀, ẹ sinmi.

Tíṣà Ìṣirò Ògo-Olúwa · 5:05

Àbúrò mi Ọmọ Rélùwéè, ẹni tó ní kí wọ́n kọ́ òun lóúnjẹ sísè, a kì í bu ọbẹ̀ fún un kí a ní ó ti mọ̀ ọ́n sè.

Télọ̀ wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ pa lápútọ́ọ̀pù yẹn tì ná. Ẹ wá dáìsì lúdò méjì, ẹ fi sẹ́lótéèpù so wọ́n pọ̀ kí wọ́n di ọ̀kan gígùn. Ẹ mú ìwé, ẹ fi rúlà ya àpótí sí i, kí àpótí kọ̀ọ̀kan ṣe déédéé pẹ̀lú ìdí dáìsì kan. Ẹ yà á tó mẹ́wàá lọ sọ́tùn-ún, mẹ́fà lọ sísàlẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà sí ìlà àkọ́kọ́.

Ẹ wá gbé e nàró sórí 1. Ẹ yí i sọ́tùn-ún: ó sùn lé 2 àti 3. Ẹ tún yí i: ó nàró lórí 4. Ẹ máa bá a lọ: ó sùn lé 5 àti 6, ó nàró lórí 7. Ṣé ẹ rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀? Láti ìnàró kan sí ìnàró kejì, àpótí mẹ́ta ló máa ń lọ. 1, 4, 7, 10. Tó bá jẹ́ pé ojú ọ̀nà tóóró tí kò fẹ̀ ju táìlì kan lọ lẹ wà, tí ẹ sì gbéra ní ìnàró lórí 1, kò sí bí ẹ ṣe lè nàró lórí 8 láéláé, bí ẹ bá fi gbogbo òru yí i. Ìdí nìyẹn tó fi ń sùn lé ihò lórí. Kì í ṣe pé ọwọ́ yín kò yá. Ibi tí ẹ ti gbéra ni iye náà ti yẹ̀.

Báwo la ṣe ń tún un ṣe? Ẹ gbé e padà sórí 1, kó nàró. Ẹ yí i sọ́tùn-ún, ó sùn. Ẹ yí i sísàlẹ̀, kò dìde, ńṣe ló yí gbirigbiri bí igi gẹdú, ó bọ́ sí ìlà kejì. Ẹ yí i sósì, ó dìde. Ibo ló wà báyìí? Abẹ́ 1 gan-an, ó nàró, ó sì ti sún ní àpótí kan ṣoṣo. Ọ̀tún, ìsàlẹ̀, òsì. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta nítorí àpótí kan, ṣùgbọ́n òun ló máa ń tú yín sílẹ̀ nínú ìdè mẹ́ta-mẹ́ta yẹn. Tí ẹ bá fẹ́ kó sún ní méjì, ẹ yí i sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó dá a padà sósì. Ohun tó kàn ń béèrè ni pé kí àyè táìlì méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí. Tí ọ̀nà tóóró bá ní kọ́nà, búlọ́ọ̀kù gbọ́dọ̀ nàró lórí táìlì kọ́nà yẹn gan-an kó tó lè yà. Tó bá sùn débẹ̀, kò ráyè yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí táìlì méjì ló máa nílò, ọ̀kan ṣoṣo ló sì wà. Nítorí náà, ẹ ka táìlì láti kọ́nà padà wá síbi tí ọ̀nà tóóró ti bẹ̀rẹ̀, ní mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ ó sì mọ irú ipò tó yẹ kí ẹ fi wọ ọ̀nà náà. Ibi gbalasa tó wà ṣáájú ọ̀nà tóóró la ti ń tún ìdúró ṣe. Tí ẹ bá ti wọ ọ̀nà tóóró tán, ó ti bọ́.

Télọ̀ Òkè-Fìà · 6:48

Tíṣà, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti so dáìsì náà. Lórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ni mo ya àpótí sí, ṣọ́ọ̀kì télọ̀ ni mo fi yà á. Ọ̀tún, ìsàlẹ̀, òsì yẹn, mo ṣe é tó ìgbà ogún kó tó wọ̀ mí lára. Ọmọ yìí ti gba dáìsì lọ́wọ́ mi báyìí, ó ń sọ nọ́ńbà sókè bí ẹni tó ń ka tábìlì ìṣirò.

Aláàdìrẹ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun · 8:20 alẹ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọmọ mi ọkùnrin ló kọ́ mi ní géèmù yìí nígbà ìsémọ́lé Kòrónà, mo sì parí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n rẹ̀. Ohun tí Tíṣà sọ dára, àmọ́ èmi kì í bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ búlọ́ọ̀kù.

Ẹ mọ̀ pé níbi iṣẹ́ àdìrẹ wa, ibi tí a bá fẹ́ kó wà ní funfun la kọ́kọ́ ń fi àbẹ́là yíyọ́ bò, kí a tó ri aṣọ sínú aró. Ohun tó máa hàn gbẹ̀yìn la fi ń bẹ̀rẹ̀. Ojú yẹn ni mo fi wo géèmù yìí. Ẹ má wo búlọ́ọ̀kù. Ihò ni kí ẹ wò.

Kó tó lè nàró wọ ihò, ó gbọ́dọ̀ ti sùn kí ìdí rẹ̀ kan ẹnu ihò, kí gbogbo ara rẹ̀ sì tò sórí ìlà kan náà pẹ̀lú ihò. Ibi mẹ́rin péré nìyẹn: lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì. Ẹ wo èyí tí kò bá ní táìlì méjì, ẹ pa á rẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹ ní ẹ kò fẹ́ ìdáhùn, ṣùgbọ́n ìpele kìíní lẹ ti kọjá, ẹ jẹ́ kí n fi ṣe àpẹẹrẹ. Nísàlẹ̀ ihò, táìlì kan ṣoṣo ló wà, búlọ́ọ̀kù kò lè sùn síbẹ̀. Ó ku ọ̀nà mẹ́ta. Mo mú ti òkè. Tó bá sùn ní òòró lókè ihò, báwo ló ṣe débẹ̀? Ó lè ti yí bí igi gẹdú wá láti apá òsì. Mo tẹ̀lé e padà sósì: ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Níbi tó wà yẹn, táìlì kan wà lókè orí rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti nàró kó tó ṣubú sísàlẹ̀ ńkọ́? Mo wá wo ibi tí wọ́n gbé e sí níbẹ̀rẹ̀. Ìlà kan náà ni, ìrìn táìlì mẹ́ta gééré ló sì wà láti ìnàró kan sí èkejì. Ó tán nìyẹn. Ọ̀tún, ọ̀tún, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, ọ̀tún, ọ̀tún, ìsàlẹ̀. Ìgbésẹ̀ méje.

Ẹ fi dáìsì yẹn tọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, láti ìparí lọ síbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí mo ti mọ èyí ni mo ti jáwọ́ nínú títẹ bọ́tìnnì káàkiri.

Bàbá Ọlọ́pọ́n · 9:02

Mo kí gbogbo yín. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Èmi ò mọ géèmù yín, ayò ni mo mọ̀. Ilé méjìlá, ọmọ méjìdínláàádọ́ta. Ẹni tó jẹ́ ọ̀ta nídìí ayò kì í gbé ọmọ kó tó mọ ilé tí èyí tó kẹ́yìn lọ́wọ́ rẹ̀ máa balẹ̀ sí. Òpè ni í kọ́kọ́ gbé e, tí á wá máa wo ibi tó ń lọ. Télọ̀, gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. Fi ẹnu sọ ibi tí yóò balẹ̀ sí kí o tó tẹ ohunkóhun.

Télọ̀ Òkè-Fìà · 9:10

Ẹ ṣé púpọ̀, bàbá. Mo gbọ́.

Ìyàwó Pásítọ̀ · Ajé, 7:35 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti rí i gbá? Mo mọ géèmù yìí nílé ìwé, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí i lánàá, ojú dúdú ló fi hàn mí.

Alátùn-únṣe Fóònù Ọláìyá · 8:50

Màmá wa, Flash, ètò kọ̀ǹpútà àtijọ́ ti iléeṣẹ́ Adobe, ni wọ́n fi ṣe é, Adobe sì jáwọ́ nínú Flash Player tó ń ṣí i ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Láti ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2021 ló ti kọ̀ láti ṣí géèmù kankan. Ẹ má jẹ́ kí ojúlé kankan ní kí ẹ wa Flash tuntun sílẹ̀ o. Irọ́ ni, kòkòrò kọ̀ǹpútà ni wọ́n fẹ́ fún yín. Àwọn kan ti ṣe nǹkan tó ń jẹ́ Ruffle tó ń gbé àwọn géèmù Flash àtijọ́ dìde nínú bíráúsà láìsí Flash. Ojúlé tó bá ń lo Ruffle ni kí ẹ wá.

Ti orí fóònù wà, àwọn ẹlòmíràn ló fara wé e ṣe é. Fífi ìka fà ni, ìka sì máa ń yọ̀. Mo ti rí i tí oníbàárà mi kan fà á sókè nígbà tó fẹ́ fà á sọ́tùn-ún, ìpele tó ti fi ogún ìṣẹ́jú tọ́ dàgbà já bọ́. Kò sí bọ́tìnnì tó ń dá ìgbésẹ̀ padà nínú Bloxorz, ẹ rántí. Tí ẹ bá ní kíìbọ́ọ̀dù, òun ni kí ẹ lò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ súìṣì, torí kò sẹ́ni tó tíì dá a sọ. Méjì ló wà tó ń ṣí afárá. Ọ̀kan rọ̀, ó rí roboto. Bí ara búlọ́ọ̀kù ṣe kàn án báyìí, ì báà sùn, ì báà nàró, ó ti ṣiṣẹ́. Èkejì le, ó ní àmì X lórí. Àfi kí búlọ́ọ̀kù nàró lé e kó tó gbà. Súìṣì yìí ló ń ṣí afárá, ẹ kò sì ní láti dúró tì í kí afárá má bàa pa dé. Ẹ̀tàn rẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ń hùwà kan náà. Òmíràn, tí ẹ bá tún kàn án, á pa afárá tó ti ṣí tẹ́lẹ̀. Òmíràn sì wà tí ẹ lè tẹ̀ níye ìgbà tó bá wù yín, kò ní pa á. Nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, táìlì afárá á tàn ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ pupa. Ẹ máa wò ó. Èmi kì í wò ó nígbà yẹn. Mo á ṣí afárá, mo á rọra padà wá, ara búlọ́ọ̀kù á tún kan súìṣì roboto kan náà lójú ọ̀nà, afárá á pa dé, èmi á máa rò pé géèmù ló bàjẹ́. Wákàtí kan gbáko ni mo fi há síbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Tí ẹ bá ti ṣí ohun tí ẹ fẹ́, ẹ ka táìlì kí ẹ lè fo súìṣì yẹn lójú àbọ̀. Yálà kí ẹ gba ìlà mìíràn, tàbí, tó bá jẹ́ X, kí ẹ sùn kọjá lórí rẹ̀, kò ní dá yín lóhùn.

Táìlì olómi ọsàn: ẹ má nàró lórí rẹ̀. Á ya lábẹ́ yín. Ẹ sùn lé e, kò sí wàhálà.

Tíṣà Ìṣirò Ògo-Olúwa · 10:15

Òótọ́ ni. Kí n fi kún ti olómi ọsàn: tó bá pọ̀ lọ súà, ẹ sùn ní ìdábùú kí ẹ máa yí bí igi gẹdú, kò ní dìde àfi tí ẹ bá dìídì yí i sí apá orí tàbí apá ìdí. Tó bá wà lójú ọ̀nà tóóró, ìṣirò mẹ́ta-mẹ́ta yẹn náà ni. Ẹ rí i pé 1, 4, 7 yín kò bọ́ sórí ọ̀kankan nínú wọn.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà · 1:40 ọ̀sán

Ẹ káàsán, ẹ̀yin àgbà. Ohun tí màmá Aláàdìrẹ àti Tíṣà ń fi ọwọ́ ṣe yìí, iṣẹ́ àṣetiléwá ni fún àwa. Martin Odersky, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ṣe èdè kọ̀ǹpútà Scala, lo Bloxorz gan-an nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí Coursera: kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ètò tó máa dá yanjú rẹ̀.

Mo jókòó ka ìpele kìíní lánàá. Táìlì 35 ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ihò. Búlọ́ọ̀kù lè nàró sí ibi 35, ó lè sùn ní ìbú sí ibi 29, ó lè sùn ní òòró sí ibi 25. Àpapọ̀ rẹ̀ 89. Ipò 89 péré ló wà lágbàáyé ìpele yẹn! Kọ̀ǹpútà á kọ gbogbo ibi tí ìgbésẹ̀ kan lè gbé e dé sílẹ̀, lẹ́yìn náà ibi tí ìgbésẹ̀ méjì lè gbé e dé, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ipò tó bá ti dé rí, kì í kọ ọ́ mọ́. Tó bá fi kan ihò, ọ̀nà tó kúrú jù ló rí yẹn. Méje tí màmá sọ ló kúrú jù lóòótọ́.

Ohun tí ènìyàn lè jí nínú ìwà kọ̀ǹpútà ni àìpadà síbi tó ti dé. Ẹ máa fi pẹ́ńsù sàmì sí táìlì tí ẹ ti nàró lé rí. Tí ẹ bá tún bá ara yín níbẹ̀, tí súìṣì kankan kò sì yí padà láàárín ìgbà yẹn, ọ̀nà tí ẹ gbà kò mú yín dé ibì kankan. Ẹ gbìyànjú èyí tí ẹ kò tíì gbà.

Télọ̀ Òkè-Fìà · Ọjọ́rú, 9:25 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Ìròyìn wà, ìbéèrè náà sì wà.

A dé ibi tí súìṣì kan ti ń la búlọ́ọ̀kù sí méjì, tó ń sọ wọ́n síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bọ́tìnnì gígùn ìsàlẹ̀ kíìbọ́ọ̀dù la fi ń mú ọ̀kan tàbí èkejì. Àwọn kékeré yìí ń lọ ní táìlì kọ̀ọ̀kan, ìṣirò mẹ́ta-mẹ́ta kò mú wọn. Inú mi dùn. Mo sáré gbé ọ̀kan lọ sínú ihò, kò wọlé. Mo gbé e sórí X, X kò gbà.

Aláàdìrẹ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun · 9:41

Kò ní gbà á. Odindi nìkan ló ń wọ ihò, odindi náà ló ń tẹ X. Àwọn kékeré lè tẹ súìṣì roboto, ohun tí wọ́n wúlò fún nìyẹn. Tí wọ́n bá ti fara kanra ni wọ́n máa ń lẹ̀ padà.

Ẹ wá gbọ́ o: wọn kì í lẹ̀ ní ìnàró. Ní sísùn ni wọ́n máa ń lẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sì máa yan ibi tí wọ́n ti máa pàdé. Ẹ padà sí ibi mẹ́rin tí mo sọ lọ́jọ́ Àìkú.

Télọ̀ Òkè-Fìà · 10:30

Ààà! Màmá!

Ọmọ yìí ló kọ́kọ́ rí i. Ó gbé ọ̀kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ ihò, ó rin èkejì wá láti ẹ̀yìn, táìlì kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á, títí ó fi kan ti àkọ́kọ́ lẹ́yìn, lórí ìlà kan náà pẹ̀lú ihò. Wọ́n lẹ̀. Ó wò mí lójú kó tó tẹ bọ́tìnnì. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó dìde, ó sì wọlé ṣọ́ọ̀.

Ọmọ Rélùwéè · 10:52

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà fún yín. Mo ti pa fídíò yẹn tì, mo ń fi páálí ìṣáná ṣe tèmi. Táìlì yín ló ń kó ìrònú bá mi báyìí.

Alátùn-únṣe Fóònù Ọláìyá · Ọjọ́bọ̀, 8:05 àárọ̀

Páálí ìṣáná kò dọ́gba, àbúrò, gígùn rẹ̀ kì í ṣe ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀. Yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo ní dáìsì méjì tí kò sẹ́ni tó ń lò ó.

Ẹ̀gbọ́n télọ̀, ṣé ẹ ń kọ kóòdù sílẹ̀? Ìpele kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́fà lókè lápá ọ̀tún. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́ sí Load Stage kí ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹ dé. Tí iná bá lọ tí bátìrì sì kú láìjẹ́ pé ẹ kọ ọ́, ìpele kìíní lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀.

Télọ̀ Òkè-Fìà · Àbámẹ́ta, 5:15 ìrọ̀lẹ́

Mo ń kọ ọ́ o. Ẹ̀yìn ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí ni mo ń kọ ọ́ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà, ìdí àti gígùn ṣòkòtò.

Mo gbé ọmọ náà wọ ọkọ̀ Ìkìrun láàárọ̀ yìí. Ó bẹ̀ mí kí n fún òun ní dáìsì tí a so pọ̀, mo fún un. Ìpele 23 la dé kó tó lọ. Ó ní òun kò ní ṣí i nílé tí èmi náà kò bá tíì kọjá rẹ̀, kí á lè jọ wà lójú kan. Àwòrán ìpele náà ṣì wà lórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, mi ò tíì nù ún. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì pupa sàmì sí ibi mẹ́rin tó yí ihò ká, méjì ti kúrò, ó ku méjì. Tíṣà, ṣé ẹ máa wà nílé lọ́la lẹ́yìn ìsìn? Mo fẹ́ gbé ìwé tí mo yà á sí wá.

Tíṣà Ìṣirò Ògo-Olúwa · 5:32

Mo wà nílé. Ẹ gbé ṣọ́ọ̀kì náà dání.